Òṣùpá Aago Mẹ́sàn-án Àárọ̀

Baba Òṣùpá ni àwọn ọmọ iléèwé ń pe tíṣà yìí. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ wọn nípa oòrùn, ayé àti òṣùpá láti inú ìwé kan ṣoṣo tí ikán ti jẹ létí. Ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ni kò ráyè wò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù: "Olùṣèwádìí kì í gba àgbọ́sọ. Ohun tí ẹ bá fojú ara yín rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ aago sí i." Ọmọbìnrin kan wá kọ ọ́ pé òun rí òṣùpá láàárọ̀. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé e.

"Òṣùpá kì í yọ lójúmọmọ. Ta ló kọ́ ẹ nírú irọ́ báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Òun ló wà lókè òrùlé ṣáláńgá yẹn."

Gbogbo kíláàsì nọrùn sójú fèrèsé. Tíṣà náà wo òkè òrùlé náà, ó wò ó títí. Ó wá rìn lọ sídìí fèrèsé, ó tì í gbọn-in, ó ní kí wọ́n máa da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ.

Ọmọbìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíṣà wa rí òṣùpá. Wọ́n ti fèrèsé."