Bọ́nẹ́ẹ̀tì Fáíbà Tí Bàbá Mi Pè Ní Irin

Mo lọ kọ lu ìdí tírélà kan ní Ìbàfò, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi sì rún wómúwómú. Àwọn tòkunbọ̀ tí mo rí rà ti ń dípẹtà. Páńẹ́lì-bítà mi ní kí n jẹ́ kí òun fi fáíbà mọ tuntun. Mo dúró wò ó bó ṣe ń rẹ aṣọ funfun kan sínú oje tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú, tó ń lẹ̀ ẹ́ léra wọn ní ìpele ìpele. Nígbà tó gbẹ, ó le koko, ó fúyẹ́, ìpẹtà kò sì lè bá a láé. Ó dára, mi ò purọ́.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni mo gbé ọkọ̀ náà lọ kí bàbá mi ní Ifọ̀. Awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ládùúgbò wọn, kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ láìpè wọ́n: wọn á fi ìka gbá ara rẹ̀, wọn á tẹ́tí, wọn á ní, "Irin ni," tàbí, "Wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ ẹ́." Ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé. Ní ti fáíbà, ọkọ̀ oníke ni àwọn àgbà àdúgbò yẹn ń pè é.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn tó wá jẹran. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ bá wa gbá tọmọ yín wò."

Bàbá mi dìde, wọ́n gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dún bí ìdí báàfù oníke. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ wọn yẹn. Bàbá mi wo ojú mi, wọ́n yíjú sí i.

"Irin ni."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ: pé rárá o, fáíbà ni, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ṣe é, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìtìjú dí mi lẹ́nu. Bàbá mi ti rí ìtìjú náà lójú mi, ìyẹn ni wọ́n ṣe daṣọ bò mí. Àwọn àlejò ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká lò ó pẹ́, èmi náà ṣe àmín.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀rẹ́ wọn yẹn lọ ra ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ló sọ fún mi lórí fóònù pé ẹlòmíràn ló mú dání lọ gbá a. Ìyá mi ní bàbá mi ti wọ bàtà láti àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó síta, wọ́n ń retí ẹni tó máa wá pè wọ́n.