Aago Oníkarahun Tí Wọ́n Pín Sọ́nà Mẹ́ta

Aago àpò ni mo ń kó jọ. Kì í ṣe aago ọwọ́, kì í sì í ṣe ti ara ògiri. Èyí tí àwọn bàbá wa ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń kì bọ àpò àyà ẹ̀wù ni. Mẹ́rìnlá ló wà nílé mi ní Ìlaròó. Kì í kúkú ṣe aago gan-an ni mò ń wò, kéèsì rẹ̀ ni, ìyẹn ìdérí àti ẹ̀yìn tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ. Ọ̀kan rí bí ìwé àdúrà kékeré, wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ ojú ewé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan rí bí èkùrọ́. Awọ ẹja ni wọ́n fi bo òmíràn, ó le, ó sì ń họni lọ́wọ́. Bí kéèsì bá ti rí roboto lásán, n kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń sin adìyẹ. Èmi ń nu aago.

Wọ́n rò pé ìfẹ́ ló ń gbé mi kiri. Irọ́ ni. Ìríra ni. N kò lè fara da ohun tí àwọn ènìyàn wa ń fi ohun tó dára ṣe. Mo ti rí aago àpò tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n ẹja kó lè rì. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé fún ọmọ jòjòló tó ń hu eyín, tó ń rún un lẹ́nu, tí itọ́ ń kán láti etí ìdérí rẹ̀. Ní Ìhunbọ̀, obìnrin kan yọ ti ọkọ rẹ̀ jáde fún mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eèrà ti kún inú rẹ̀ bámúbámú, obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹ̀rín! Díẹ̀ ló kù kí n bú u.

Ṣùgbọ́n ti Ìdógò ló burú jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Bàbá kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé Ìdógò. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ fún un ní aago kan, ìkarahun ìjàpá ni kéèsì rẹ̀, dúdú tó ní àwọ̀ oyin nínú, wọ́n fi fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ ya ẹyẹ méjì sí i lára. Bàbá náà láya mẹ́ta. Nígbà tó kú, wọ́n pín ogún rẹ̀ ní ìdí igi bí a ti ń ṣe, ìyàwó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìdí igi kan. Ilẹ̀ ṣeé pín, yàrá ṣeé pín. Nígbà tó kan aago, kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda fún ẹnì kejì. Àwọn àgbà ẹbí wá dá ọgbọ́n: wọ́n tú aago náà. Ìdí igi àkọ́kọ́ gba kéèsì, ìkejì gba ẹ̀rọ, ìkẹta gba ẹ̀wọ̀n. Gbogbo wọn sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé kò sí ìjà. Lóòótọ́, kò sí ìjà. Kò sí aago náà mọ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdógò lọ́jọ́ kejì. Ọmọ-ọmọ ìyáálé ni mo kọ́kọ́ bá, bàbá arúgbó kan tí ojú imú rẹ̀ ti pọ́n. Kí n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ó ti yọ kéèsì náà láti abẹ́ fìlà. Ó tẹ ẹ́, ó ṣí, aáṣáà ló kún inú rẹ̀. Bàbá yìí ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á símú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ìka kan náà nu ara àwọn ẹyẹ fàdákà yẹn. Ohun tó ti dì sí etí ìdérí, n kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ mọ irú ohun tí ẹ fi ń kó aáṣáà?"

"Kí ni kí n fi ṣe tó ju ìyẹn lọ?" ó ní. "Ó ń dé dáadáa. Aáṣáà mi kò gba omi sára rí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fi í lé mi lọ́wọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi pé bàbá náà fẹ́ràn aáṣáà, mo sì ti ra agolo aáṣáà tuntun dání, aláwọ̀ góòlù. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ìdérí rẹ̀ kò le tó, ṣùgbọ́n ó gbà á. Háńkáṣífù ni mo fi gba kéèsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì fi háńkáṣífù yẹn nu ojú mọ́ títí dòní.

Ní ilé kejì, ọkùnrin kan tó ń ṣòwò lọ sí apá Kùtọnu ló dá mi lóhùn. Ó wọlé, ó gbé agolo mílíìkì kan tó ti dípẹtà jáde. Ẹ̀rọ aago wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó má baà dípẹtà ni ìyá rẹ̀ fi bu àdí lé e lórí, ọdọọdún ló sì ń bu kún un títí ó fi kú. Àdí náà ti dúdú, ó ti ń rùn bí ohun tó kú, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ aáyán ló dúró sójú rẹ̀. Ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bọ́n, ẹ máa gbé e lọ o jàre." Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ilé kẹta ló kù. Ìyá arúgbó kan ni mo bá lórí ẹní, òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé nínú gbogbo ọmọ tí ọ̀gá ojú irin bí. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo sọ fún un pé tíṣà ni mí, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

"Ẹ̀wọ̀n bàbá mi?" ó ní. "Ẹ wo ara ilẹ̀kùn ṣáláńgá, Tíṣà. Ìyàwó ọmọ mi ló fi so ó kí atẹ́gùn má baà máa ṣí i."

Mo lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni. Fàdákà gidi, lára ilẹ̀kùn ṣáláńgá, eṣinṣin ń gùn ún, ọwọ́ gbogbo ará ilé sì ń ti inú ibẹ̀ bọ́ sára rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Mo fi ọ̀rá wé ìka mi méjì kí n tó tú u. Nígbà tí mo jáde, mo kọjú sí ìyàwó ilé, ìyàwó ọmọ Màmá náà, mo ní, "Ṣé ìwọ náà fọ́jú ni?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí ẹni tó jókòó sórí ẹní. Màmá kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ó wá sọ fún mi pé òun kò ní gba nǹkan kan lórí ẹ̀wọ̀n náà. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga, á gbé mi lé àyà. Etí mi á wà lórí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Aago yẹn ló ń mú mi sùn. Tí ẹ bá ti tò ó pọ̀ tán, ẹ gbé e wá kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Lẹ́yìn náà, ó di tiyín."

Mo fi orúkọ Olúwa ṣèlérí.

Ní Ayétòrò ni ẹni tó ń tún aago mi ṣe wà. Ó fi ìdí bírò họ ara ẹ̀rọ náà, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún oṣù mélòó kan. Mo máa rẹ ẹ́ nínú kẹrosíìnì títí àdí yẹn á fi yọ́, mo máa wá eyín mìíràn dípò èyí tó kán nínú rẹ̀. N kò ṣèlérí o. Àmọ́ mo ní ẹ́ńjìnnì mìíràn níbí tó máa wọ kéèsì yìí gẹ́lẹ́. Òun ń ṣiṣẹ́."

Oṣù mélòó kan? Mo wo kéèsì yẹn tí mo ti fọ̀, tí mo ti fi òróró dán, tí oyin inú rẹ̀ ti ń tàn. Mo ní kó fi ìkejì sí i.

"Èyí ńkọ́?" Ó gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ náà sókè, ẹsẹ̀ aáyán kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo yí ojú kúrò. "Sọ ọ́ nù jàre. Má jẹ́ kí n tún rí i."

Ó jù ú sínú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tó já sínú omi dúdú yẹn, ara sì tù mí.

Nígbà tí mo padà sí Ìdógò, inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo wọ ẹ̀wù funfun. Mo gbé aago náà lé Màmá lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá àwọn ẹyẹ náà rí, ó ní, "Ọ̀kan nìyí. Èkejì nìyí." Ó fọwọ́ pa ẹ̀wọ̀n. Ó wá gbé e sétí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń retí omijé.

"Ó ń sáré," ó ní.

Mo ní aago tó dáa ni, Màmá, ó péye.

"Ti bàbá mi kì í sáré. Á dún lẹ́ẹ̀mejì, á wá fà díẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn." Ó tún gbé e sétí, ó gbé e kúrò. "Tíṣà, ìta rẹ̀ nìyí. Inú rẹ̀ kọ́. Inú rẹ̀ dà?"

Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo ní ó ti kú pátápátá, àdí ti dì mọ́ ọn, kò lè dún mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni tí ọ̀gá àgbà ká mọ́ ibi tó ti ń sùn.

"Kò burú," ó ní. "Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀. Kò dìgbà tó bá dún. Kí n ṣáà dì í mú."

Ìyàwó ilé tí mo bú lọ́jọ́ kìíní dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí.

Mo ní ó wà nílé. Mo ní mo fi aṣọ funfun wé e.

Màmá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi rí, ó fi tirẹ̀ méjèèjì dì í mú. "Olúwa á bù kún yín. Ká ní ọwọ́ àwọn ará ilé wa ló ṣì wà ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ nù."

Mo ṣe àmín. Èmi fúnra mi ni mo kó ara mi nírìíra.