Victoire Kì í Gbé Ìpè Tí Kò Mọ̀

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní Dassa, ní oríta tí ọ̀nà Savalou ti yà kúrò lára ti Parakou, ẹ má wulẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta kírédì fóònù. Ẹ wo abẹ́ agboòrùn pupa kan tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di funfun. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì tẹ fóònù bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀pà, Victoire nìyẹn. Ó lè máa bá yín ṣẹ̀fẹ̀, kó máa bá oní-zẹmijan tó gbé ọ̀kadà dí i lójú ọ̀nà jà, kírédì yín á sì ti wọlé kí ẹ tó mọ̀.

Ohun kan ló máa ń ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu nípa rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpè fún odindi ìlú, òun fúnra rẹ̀ kì í gbé ìpè tí kò bá mọ ẹni tó ni ín. Fóònù á máa dún, òun á kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò. Ràhímọ́tù, tó ń ta ọṣẹ àti òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bi í lọ́jọ́ kan pé bó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń pè ńkọ́. Victoire ní kí bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ fi orúkọ ránṣẹ́.

Léon ló fà á. Léon ni ọkùnrin tó bá gbé tẹ́lẹ̀, kí Victoire tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ni Léon ti ń fi oríṣiríṣi nọ́ńbà pè é, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Bí Victoire bá dínà mọ́ ọ̀kan, òmíràn á yọjú. Nígbà tí ìpè kò ràn án mọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá pákí, ó ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn títí egungun fi dún. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi gbé garawa omi mọ́. Ẹ ti wá mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́. Kóòtù àkọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n rán Léon lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Victoire sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kékeré kan da gbogbo rẹ̀ rú.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Marguerite, àbúrò ìyá Léon, gbéra láti Kpingni. Ó dúró níwájú agboòrùn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní kí Victoire má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí o, nítorí Léon ti ṣe àpẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. "Appel" làwọn Faransé ń kọ ọ́. Bí ẹ bá wà lábẹ́ agboòrùn Victoire, àpẹ́ẹ̀lì ni pé kí fóònù dún. Bí ẹ bá wà ní kóòtù, àpẹ́ẹ̀lì ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: ìdájọ́ tí wọ́n dá kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ń gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé méjì ló ń gbé! Lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àwọn ènìyàn dúró lójú ọ̀nà kí n lè sọ ọ́ fún wọn.

Ta ni yóò wá jókòó ti kírédì fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, tí yóò mú ìtumọ̀ ti kóòtù? Ojú Victoire le. Ó ní, "Tantì Marguerite, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò ní gbé e."

"O ò ní gbé e?"

"Láéláé. Kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Díẹ̀ ló kù kí Marguerite jó. Ó gun zẹmijan padà sí Kpingni, ó ròyìn fún ẹbí pé Victoire ti ní òun kò ní gbé ẹjọ́ náà mọ́. Wọ́n sọ fún agbẹjọ́rò Léon. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yàrá Léon sílẹ̀ dè é.

Inú tó bí Victoire ní tirẹ̀, ti fóònù ni. Ta ló gbé fóònù fún ẹlẹ́wọ̀n? Ó ká agboòrùn, ó bọ́ sí bírò Màdámù Isabelle, obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọkọ lù, tó sì tì í lẹ́yìn nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n lọ gba fóònù náà lọ́wọ́ Léon, ó ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màdámù Isabelle bi í bóyá Léon ti pè é. Victoire ní kò tíì pè, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ ni Marguerite, òun fúnra rẹ̀ ló wá kéde pé ó ti ṣe àpẹ́ẹ̀lì.

Màdámù Isabelle rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, tó sì nù ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni kóòtù gíga ní Agbómẹ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì lè tú Léon sílẹ̀. Léon ń sọ pé òun kò fọwọ́ kàn án rárá, pé orí àpáta ló ti yọ̀ ṣubú. Akọ̀wé kóòtù ti pe Victoire títí láti fi ọjọ́ tó o létí.

"Kí ló dé tí o ò gbé e?"

Victoire wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ìpè ewúrẹ́ aládùúgbò kún inú rẹ̀ bámúbámú.

"Bí o ò bá lọ," Màdámù Isabelle ní, "ẹnu tiẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Arigbo, tí àwọn àlejò máa ń wọ́ tìrítìrí wá kí Màríà nínú ihò àpáta, tí gbogbo wọn á sì fẹ́ pe ilé pé àwọn ti gúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ táwọn tó ń ta kírédì ń retí nìyẹn láti ọdún dé ọdún. Ràhímọ́tù ní kó fi agboòrùn sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun tí òun ń kírun márùn-ún lójúmọ́ ni yóò ta kírédì fún àwọn ọmọ Màríà, kí Victoire ṣáà lọ sọ tẹnu rẹ̀.

Ní Agbómẹ̀, agbẹjọ́rò Léon dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó ní obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ti jọ̀wọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Marguerite pé òun kò ní gbé e. Adájọ́ bi Victoire bóyá ó sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," Victoire ní.

Léon gbé orí sókè. 

"Mo rò pé fóònù ló fẹ́ fi pè mí ni. Kírédì ni mò ń tà."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ fi fáìlì bo ẹnu. Marguerite, tó jókòó sẹ́yìn, wolẹ̀. Victoire kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí bó ṣe wọ́.

"Ó ní mo yọ̀ lórí àpáta. Ẹsẹ̀ àpáta ni wọ́n bí mi sí. Mo ti ń ru omi sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ láti kékeré, láìwọ bàtà, nínú òjò. Àpáta lè gbé ènìyàn ṣubú. Kì í ká ènìyàn lọ́wọ́ sẹ́yìn."

Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n máa lọ, àwọn yóò ro ọ̀rọ̀ náà wò, àwọn yóò sì ránṣẹ́.

Ìtàn ti ṣáájú rẹ̀ dé Dassa. Àwọn oní-zẹmijan sọ ọ́ di orin: bí fóònù ẹnikẹ́ni bá ti dún ní oríta, wọn á ní, "Victoire, àpẹ́ẹ̀lì!" Òun náà a máa dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n Ràhímọ́tù rí i pé tíì tí Victoire ń pò láàárọ̀ ń tutù síwájú rẹ̀ láìmu, àti pé bí ọkùnrin kan tó jọ Léon lẹ́yìn bá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí fóònù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù Victoire dún. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Victoire wò ó. Ó dún tán, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ràhímọ́tù gbé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà tó ń dúró de kírédì na ọrùn wo fóònù náà.

Victoire gbé e.

Ó gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wá béèrè orúkọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kó tó dágbére fún un. Ẹni náà ní òun ni Narcisse, akọ̀wé kóòtù Agbómẹ̀. Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ ti kóòtù àkọ́kọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta kò yẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" Ràhímọ́tù bi í.

"Àpẹ́ẹ̀lì Léon," ni Victoire wí, "kò wọlé."

Ó fi ìka òsì tẹ orúkọ Narcisse sórí nọ́ńbà náà, ó tọ́jú rẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó mu ún tán, bó ti tutù tó. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí oníbàárà, ó ní kó pe nọ́ńbà tirẹ̀.