Òṣèré Tí Kì Í Jókòó

Ṣílè kan ni mo fi ń wo sinimá nígbà tí mo wà ní yunifásítì n'Ìbàdàn. Dọ́là mẹ́rìndínlógún ni mo san ní Lawrenceville, l'Amẹ́ríkà, láti wo fíìmù tí aládùúgbò wa, obìnrin ará Japan, ṣe nígbà èwe rẹ̀.

Òun náà wà níbẹ̀, lórí ìdúró; kì í jókòó wo ara rẹ̀. "Òṣèré tó bá jókòó ti fẹ̀yìn tì," ni ó máa ń wí.

Kò tíì kọrin látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun. Nígbà tí fíìmù parí, ó gba máìkì láti kọ orin inú rẹ̀. Ohùn kò jáde.

Ìyàwó mi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó, kí ọkọ rẹ gba owó rẹ̀ padà?"

Ó di ọ̀fun mú, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ dópin.

Lónìí, òun ti di olóògbé, ìyàwó mi náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù, orí ìjókòó ni mo sì wà.