Ọbẹ̀ Tí Tòmátò Jíjẹrà Sè

Ní yunifásítì, wọ́n gbọ́ mi yé nígbà tí mo ní ìdọ̀tí lè di gáàsì ìdáná. Ní ọjà Mile 12, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀rọ̀ Mile 12 ló sì ká mi lára jù, torí tòmátò tí ìyá mi ń tà níbẹ̀ ni wọ́n fi rán mi níléèwé títí mo fi di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Alága ọjà gbà kí n gbé àgbá ńlá kan sẹ́yìn ìsọ̀. A da tòmátò tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù nínú rẹ̀, a dé e pinpin, a sì fa páìpù láti orí rẹ̀ wá sídìí sítóòfù. Nígbà tó yá, iná ràn, kò rú èéfín rárá. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ìkòkò wá. Àwọn obìnrin ọjà ní àwọn ò lè jẹ oúnjẹ tí ìgbẹ́ sè. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n á ní, òótọ́ lẹ sọ, Aunty Prof, wọ́n á sì kọjá lọ ra èédú. Ìyá mi náà ń ra èédú. Ó dùn mí wọra. Alága wá ní bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó títí di ọjọ́ Ẹtì, kí n gbé àgbá mi kúrò, torí àyè ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ti mú sípánà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi dé tàwọn ti ìkòkò àti ẹja tútù tí wọ́n rà létí odò ní Agboyi. Wọ́n lọ tààrà sídìí sítóòfù mi. Wọ́n gbé epo kaná, wọ́n da ata sí i, ìtasánsán ọbẹ̀ sì gba gbogbo ìsọ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn obìnrin pé jọ láti wòran. Ìyá mi ro ẹ̀bà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bu òmíràn.

“Ẹ máa wò mí dáadáa,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá kú, ọmọ mi ló pa mí. Bí mi ò bá kú, ẹ lọ gbé ìkòkò yín wá.”

Alága fa àpótí, wọ́n jókòó. “Mummy, ẹ bu díẹ̀ fún mi.”

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ́ọ̀, ìlà ìkòkò ti gùn dé etí gọ́tà. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kanlẹ̀. Ìyá mi wo ìlà náà, wọ́n wá wò mí.

“Prof, ṣé àgbá kan ṣoṣo yìí lo rò pé ó máa tó?”