Gbólóhùn Tí Wọ́n Jọ Rán

Àlùmọ́gàjí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe obìnrin náà, òun ló sì ń gé aṣọ. Bí aṣọ bá ti wọlé ní ìdì-ìdì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Á tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, á to páálí ìwọ̀n lé e, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, á sì gé e. Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì, ti ọmọ iléèwé, ti àwọn tó ń ṣọ́ báńkì. Aṣọ tó bá bàjẹ́ nídìí gígé, kò sí aránṣọ tó lè tún un ṣe. Òun kò ba aṣọ jẹ́ rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ìpẹ̀kun yàrá kan náà. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ìyẹn. Wọ́n jọ wọṣẹ́ ni, abọ́ kan ni wọ́n sì fi ń jẹun ọ̀sán. Àwọn aránṣọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èyí tí Àlùmọ́gàjí bá gé, Áyọ́ọ̀nù á tẹ́ ẹ."

Nígbà tí ọ̀gá yàrá ìgéṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì, máníjà ní ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá àwọn oníbàárà sọ gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Àlùmọ́gàjí. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò ju "good morning" àti "finish" lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ipò náà. Ọ̀gá kì í mú àlùmọ́gàjí. Ó ń jókòó, ó ń wo iṣẹ́ ni. Ó sì ní ìdí kan tó fi fẹ́ ẹ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé iṣẹ́ wá Tíṣà kan, bàbá àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, pé kó máa kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní yàrá ìjẹun lẹ́yìn iṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù ní òun náà ń bọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi gẹ̀ẹ́sì ṣe?" ni Àlùmọ́gàjí bi í.

"Mo fẹ́ wá fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni."

Tíṣà kì í kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní gẹ̀ẹ́sì kì í dá rìn. "'Give', o fún ẹnìkan ní nǹkan. Fi 'up' tì í, o ti jáwọ́. Fi 'out' tì í, agbára nǹkan ọ̀hún ti tán." Èyí yé Àlùmọ́gàjí kíákíá. Bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tíṣà kọ "because", "but", "until" sára pátákó. Àwọn yẹn, òwú ìránṣọ ni. Àwọn ló ń so apá mọ́ ara ẹ̀wù.

"Ẹ ṣe é ní méjì-méjì," ni Tíṣà wí. "Ẹnìkan á sọ ìdajì, ẹnìkejì á na òwú sí i, ẹni àkọ́kọ́ á parí ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an ni kí ẹ sọ o. Irọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá fi irọ́ kọ́ gẹ̀ẹ́sì, á ti gbàgbé ẹ̀ kó tó délé."

Wọ́n gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni òótọ́ ti ń jáde ní yàrá ìjẹun, nínú gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sọ pé òun "ran away" kúrò nílé, "because" ìyá ìyàwó òun "came in" tí kò sì "go back" mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀, wọn kì í gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fi ṣe òfin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣáà rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó sí igun wọn. Àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀.

"I put off the black cloth."

"Until?" ni Áyọ́ọ̀nù wí.

"Until morning."

"Because?"

Àlùmọ́gàjí wo ẹ̀yìn.

"Ìwọ obìnrin yìí, because kí ni? Tíṣà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Because my eyes give out in the afternoon."

Áyọ́ọ̀nù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. "Látìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìlà kan á di méjì lójú mi lórí aṣọ dúdú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé gbogbo ẹ̀ láàárọ̀. Tí mo bá di ọ̀gá, mi ò ní gé nǹkan kan mọ́."

"Ọkọ ẹ mọ̀?"

"Kò mọ̀."

Áyọ́ọ̀nù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ ká parí ẹ̀. But?"

"But nobody has found out."

"Sọ gbogbo ẹ̀ pọ̀."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sọ gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó délé, ó ń sọ ọ́ nídìí ààrò. Ọkọ rẹ̀, tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan, yọjú.

"Ìyá àwọn ọmọ, kí lò ń wí?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ó dùn létí. Tún un wí."

Ó tún un wí fún un.

Ọjọ́ tí máníjà máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fẹ́ ipò náà lẹ́nu wò pé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n pe Àlùmọ́gàjí. Ọjọ́ orí máníjà kò ju ti àkọ́bí obìnrin náà lọ. Aṣọ dúdú kan wà lórí tábìlì, ìlà ṣọ́ọ̀kì tín-ín-rín wà lára rẹ̀, àlùmọ́gàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ bá mi gé e lójú ìlà yẹn."

Ó gbé àlùmọ́gàjí lé e. Ìlà náà di méjì. Ó dúró títí kó padà di ọ̀kan, kò padà. Ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀.

"Mi ò ní ba aṣọ yín jẹ́, ọ̀gá."

Máníjà mí kanlẹ̀. "Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. She puts off the black cloth until morning, because her eyes give out in the afternoon, but nobody has found out."

Gbogbo rẹ̀ ló pé. "I" ló kàn di "she". Àlùmọ́gàjí kò bi í pé ta ló sọ ọ́.

Nígbà tó jáde, Áyọ́ọ̀nù ló bá lórí bẹ́ńṣì níta, tó ń dúró kí wọ́n pe òun. Ó wọ bàtà tí kì í wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Kò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí pé òun náà ń wá ipò náà. Áyọ́ọ̀nù wo bàtà ọ̀hún bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

Wọ́n fi Áyọ́ọ̀nù ṣe ọ̀gá yàrá ìgéṣọ. Wọ́n ní kí Àlùmọ́gàjí lọ máa di ẹ̀wù sínú ọ̀rá. Nílé, kò sí bó ṣe lè ṣe é mọ́, ó fi Yorùbá sọ gbólóhùn náà fún ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ẹni tó gbé e lọ bá máníjà.

"Èyí tó dùn létí yẹn nìyí?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Àlùmọ́gàjí padà sí yàrá ìjẹun lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wá jókòó sí igun wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgéṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"O ò bá mi jẹun mọ́," ni Áyọ́ọ̀nù wí.

"Ọ́fíìsì lọ̀gá ń jẹun," ni Àlùmọ́gàjí dá a lóhùn.

"Mo sọ ọ́ kí o má baà gé ìka ẹ dànù ni."

"O ṣeun. Ìka mi wà ńbẹ̀. Ta ló jókòó sórí àga ọ̀gá?"

Áyọ́ọ̀nù fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ náà. "Ẹnìkan ṣáà máa jókòó síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi, ará ìta ni wọ́n máa mú wá."

"Mi ò bá ará ìta jẹun lábọ́ kan rí."

Tíṣà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ̀yin méjèèjì, tiyín là ń retí."

Áyọ́ọ̀nù wo ilẹ̀. "We fell out," ni ó wí, pé àwọn ti jà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Tíṣà yíjú sí Àlùmọ́gàjí. "Ó yá, Màmá. Because kí ni? Òótọ́ ni o."

Gbogbo yàrá ń wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká.

"Òótọ́ tí mo ti sọ níbí tó mi, Tíṣà."

Ó dìde, ó ti àga rẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jáde.