Àpótí Fúùsì Mọ́tò Bàbá Mi

Bàbá mi mọ irin, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iná. Iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà ni wọ́n ṣe ní Ṣàngó látìgbà tí wọ́n ti Òkè-Ògùn dé, kó tó di pé ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́tò tó bá kọlu igi, tó ká kò bí ìwé, wọn yóò lù ú títí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti rí mọ́tò sípọ́ọ̀tì wọn. Pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gùn kiri kí wọ́n tó bí mi. Adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan nígbà tí bàbá mi rà á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lù ú tán, kí wọ́n tó kùn ún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde sójú títì Ilo-Awela, àwọn tó ń ra búrẹ́dì fi búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Èmi ni mo mọ iná nínú ilé wa. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike l'Ọ̀tà ni mo wà, lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni kí n wá ibi tí iná ti fẹ́ ṣe jàǹbá rí kó tó ṣe é. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé bí mo bá wọ ilé onílé, mo ti máa ń wo ibi tí wáyà gbà wọlé kí n tó kúnlẹ̀ kí àgbà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí mo lọ kí àwọn òbí mi, bàbá mi ní kí n bá àwọn wo iná iwájú mọ́tò. Wọ́n ní bí òjò bá ń rọ̀ tí àwọn bá tan wáípà, iná náà á máa ṣe bàìbàì. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Àpótí fúùsì náà kò ju ike ọṣẹ kékeré lọ, fúùsì mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, àwọn ni gbogbo iná mọ́tò náà sì ń gbà kọjá. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ẹnì kan ti fi ìwé fàdákà inú páálí sìgá wé wọn kí iná lè máa ráyè kọjá.

Mo yọrí síta.

“Bàbá, ta ló fi ìwé sìgá síbí?”

“Rìwáyà kan tó ń ṣe iná mọ́tò ni, ó ti pẹ́. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò yìí ò dá mi dúró sọ́nà rí.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, sà. Iṣẹ́ fúùsì ni kó kú, kí èyí tó kù má baà jóná. Èyí ò lè kú. Bí wáyà kan bá ń gbóná, á kàn máa gbóná lọ ni, títí á fi gbiná.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi,” wọ́n ní, torí pé mo jọ ìyá tó bí wọn lọ́mọ ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀, “kí ló dé tí màá fi ra ohun tó máa kú sínú mọ́tò mi?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ àpótí náà kúrò, kí n fi tuntun tó ní àyè fúùsì púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí àwọn tó ṣe mọ́tò náà ṣe ṣe é nìyẹn, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fọ́ ọ yángá.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́ wa, òórùn ike tó ń yọ́ kì í tán nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ti wọ imú mi ni ọkàn mi ń fò lọ sí Ilo-Awela. Gbogbo Jímọ̀ ni bàbá àti ìyá mi jọ ń gbé mọ́tò náà lọ kírun ní Ìjù, níbi tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ti jẹ́ lèmọ́mù. Mo ti rí mọ́tò tó ń jó lójú títì Abẹ́òkúta rí. Kí àwọn èèyàn tó sáré gbé omi dé, kò sí ohun tí omi fẹ́ ṣe mọ́. Mo ń fojú inú wo ìyá mi, bí wọ́n ṣe ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá mi náà ló sì yanjú ọ̀rọ̀. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Híjáàbù mi ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Mo ti fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó jọ pé inú mọ́tò bàbá rẹ ló ti wá.”

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n múra tán, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé, “Ẹ máa lọ. Màá wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀.” Bàbá mi nìkan ló dá wakọ̀ dé Ìjù. Bí wọ́n ṣe kírun tán, wọ́n pè mí.

“Ọjọ́ wo lo máa wá ṣe iná tó o wí yẹn?”

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Mo tú bátìrì, mo yọ àpótí àtijọ́ náà, mo gbé tuntun sí i. Mo fún iná iwájú ní fúùsì tirẹ̀, mo fún wáípà ní tirẹ̀, mo fún fèrè ní tirẹ̀. Bàbá mi jókòó síbi sítíárìn, wọ́n ń bá mi fa wáyà tí mo bá ní kí wọ́n fà. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, “Rọra o, má gé ohun tó ò mọ̀.” Ó ku wáyà kan tí èmi náà kò mọ̀. Ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn mọ́tò. Bàbá mi ní àwọn náà kò mọ ibi tó ń lọ. Mo fi fúùsì tirẹ̀ sí i.

Mo so bátìrì padà. Mo ní kí bàbá mi sọ̀kalẹ̀, kí n dá yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kọ̀, wọ́n yí i fúnra wọn. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Iná iwájú tàn sára ògiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n wò ó pẹ́. “Ó dáa,” wọ́n ní.

Mo rò pé ẹ̀rù mi ti tán nìyẹn. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi pè mí níbi iṣẹ́. Bàbá mi tún ti dá lọ sí Ìjù torí pé ìyá mi kò tíì fẹ́ wọ mọ́tò náà, àkókò ìrun Àsárì ti kọjá, wọn kò tíì dé, fóònù wọn kò sì lọ. Mo pè é títí. Ojú ọ̀gá mi ni mo wò, kò tilẹ̀ bi mí ní ohunkóhun, ó ní kí n máa lọ.

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sọ́nà Ìjù. Wáyà tí n kò mọ̀ yẹn ṣáá ni mo ń rò. Bóyá ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bóyá èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi dáná sí mọ́tò bàbá mi. Bí a ṣe gba ọ̀nà Ìdírókò, mo rí èéfín dúdú níwájú, ó ń lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo di ẹ̀wù ọlọ́kadà mú.

“Àǹtí, kí ló dé?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré.”

Àwọn kan ló ń sun táyà tó ti gbó. A kọjá lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí àwọ̀ pupa mọ́tò bàbá mi lókèèrè, pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣíṣí. Bàbá mi jókòó sórí kọ́ńkéré ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n ti ká ọwọ́ àgbádá wọn sókè. Fóònù wọn ti kú.

“Fúùsì rẹ kú,” wọ́n ní. “Gbogbo ọjọ́ tí ìwé sìgá fi wà níbẹ̀, èmi ò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà rí.”

Mo ṣí àpótí náà. Fúùsì tó kú ni ti wáyà tí a kò mọ̀. Mo fi òmíràn sí i, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló tún kú. Mo wá ń tẹ̀ lé wáyà náà, mo ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi dé iwájú ìjókòó kejì. Pọ́ǹpù epo tó wà lẹ́yìn ni wáyà náà ń gbé iná lọ fún, ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi dúró nígbà tí fúùsì kú. Irin ìjókòó ti ha awọ ara rẹ̀ jẹ, kọ́pà rẹ̀ ti yọ síta, ó ń kan irin. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti jó dúdú, ó ti pẹ́ tó ti ń jó díẹ̀díẹ̀. Páìpù epo bẹńtiróòlù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mo pe bàbá mi wá wò ó. Wọ́n fi ìka tọ́ ibi tó dúdú náà, wọ́n wo ìka wọn.

“Ibi tí ìyá rẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé nìyí,” wọ́n ní.

Mo fi téèpù di wáyà náà dáadáa, mo gbé e jìnnà sí irin, mo fi fúùsì mìíràn sí i. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Èmi ni mo jókòó síbi tí ìyá mi ń jókòó sí nígbà tí a ń padà, mo ká ẹsẹ̀ mi sókè.

“Gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀. O ti ṣe é.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Síbẹ̀, n kò gbé e sílẹ̀. Abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ni gosìlóò ti mú wa, àárín tírélà méjì. Mo ń fimú fa afẹ́fẹ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé bàbá mi náà ń fimú fa afẹ́fẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé irin abẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Ó tutù,” wọ́n ní. Nígbà tó yá, wọ́n tún fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a délé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ohun tí a rí fún ìyá mi, wọn kò fi ọ̀kankan pamọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà síta, a sì yẹ gbogbo wáyà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì ń gbé e lọ kírun ní Ìjù, ìyá mi sì ti ń bá wọn lọ. Èmi ni mi ò tíì padà wọ̀ ọ́.